Gílóòbù Pọ́ọ́kú Tó Ń Jẹ Èrè Ọjà

Ọ̀rọ̀ iná la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé wọ́n mú iná wá tàbí wọn ò mú un wá. Ìyẹn, a ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti ń ro wá. Ọ̀rọ̀ gílóòbù tó ń tàn lórí wa nílé àti ní ìsọ̀ ni, èyí tí a máa ń rà láì bi í léèrè ohunkóhun.

Kò sí ẹni tó mọ ọjà rà tó wa. Ẹni tó lọ kó gàrí lóko kì í ka owó gàrí nìkan. Á ka owó mọ́tò, á ka owó alábàárù, á ka owó àpò, á tún wo èyí tó dà nù lọ́nà, kó tó mọ iye tí kọ́ńgò kan dé sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ iye tí wọ́n pè é lóko nìkan ló kà, gbèsè ló ń tà, kò kàn tíì mọ̀ ni. Àmọ́ tó bá ti kan gílóòbù, a máa ń ṣe bí ẹni tí kò tajà rí. A óò dúró níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná, a óò ní, "Èwo ló pọ́ọ́kú jù níbẹ̀?" Èyí tó pọ́ọ́kú jù náà la óò gbé lọ. Owó mọ́tò rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn ni owó iná tí yóò máa mu lálaalẹ́ títí tó fi máa jó. A kì í kà á mọ́ ọn.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: iye tí a ra gílóòbù kọ́ ni iye tó jẹ́. Iye tí a rà á, ká wá fi iye tí yóò jẹ lórí mítà kún un, àpapọ̀ rẹ̀ ni owó gílóòbù. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan, kò ní béèrè èyí tó pọ́ọ́kú jù mọ́.

OWÓ INÁ KÌ Í ṢE OHUN TÍ À Ń FOJÚ FÒ MỌ́

Nígbà kan, gílóòbù lè wà ní títàn tọ̀sán tòru kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC pàṣẹ pé kí àwọn tó wà ní Band A máa san N225 lórí yúnìtì kan. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí wọ́n ní iná wọn kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. N68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n dín in kù díẹ̀ sí N206.80. Owó àwọn tó wà ní Band B títí dé E kò fò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàrin ìlú Ìbàdàn kan náà, ohun tí ẹnì kan fi ra yúnìtì kan lè ra mẹ́ta fún ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà ńbẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "Mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ" ti di ohun tí à ń ro ẹ̀ẹ̀mejì ká tó fà á.

Ta ló wá ń san owó yìí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ló ń san owó ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ló ń ra káàdì iná. Inú èrè àlùbọ́sà àti ata ló ti ń yọ ọ́. Bí ọjà bá tà dáadáa tí ìyá ọlọ́jà kò sì rí èrè mú délé, kó má tíì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kó kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé rẹ̀ ná.

GÍLÓÒBÙ MẸ́TA NI WỌ́N

Orúkọ orí páálí pọ̀, ṣùgbọ́n tí a bá yọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni gílóòbù tí à ń lò nílé.

Èkíní ni ti àtijọ́, èyí tó rí roboto, tí wáyà tínínrín kan wà láàrin rẹ̀, tí iná rẹ̀ ń pupa. Ohun tí iná NEPA ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń mú wáyà yẹn gbóná gidigidi títí yóò fi máa tàn. Nínú iná 100 tó bá mu, kò ju bíi 5 sí 10 lọ tó ń di ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ìyókù, ooru ni. Ẹni tó ń sin adìyẹ mọ ohun tí à ń sọ. Gílóòbù yìí ni wọ́n ń so sókè òròmọdìyẹ kí òtútù má pa wọ́n. Fún òròmọdìyẹ, iṣẹ́ rere ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe òròmọdìyẹ. Ìmọ́lẹ̀ la fẹ́, ooru la ń sanwó fún, a tún wá ń tan fáànù láti fi lé ooru náà lọ. Ẹ tún rántí pé gbígbóná yìí léwu ní ìsọ̀ tí aṣọ, fóòmù tàbí nílọ́ọ̀nù bá wà nítòsí gílóòbù.

Èkejì ni èyí tí a ń pè ní ẹ́nájì sévà, tó lọ́ bí ìwo àgbò tàbí tó ní ẹsẹ̀ funfun méjì mẹ́ta. Ó sàn púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè mọ́lẹ̀ tán tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, títàn-án-pípa-á lemọ́lemọ́ sì máa ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Lékè gbogbo rẹ̀, oògùn olóró kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni LED. Kò sí wáyà gbígbóná nínú tirẹ̀, kò sì sí mẹ́kúrì. Àwọn ègé kékeré bí ẹ̀wà tí a gé ló tò jọ sínú rẹ̀, tí iná bá ti gba inú wọn kọjá, wọn á tàn. Irú rẹ̀ tó ń tàn pupa àti èyí tó ń tàn ní àwọ̀ ewé ti wà tipẹ́ lára rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó ń tàn ní àwọ̀ aró ló ṣòroó ṣe, láìsí i, a kò lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Jàpáánù, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí pé wọ́n rí i ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sọ LED di ohun tí a lè fi tan ilé lónìí.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀ BÍ ỌLỌ́JÀ

Yúnìtì kan lórí mítà ni iná tí ohun èlò wáàtì 1,000 máa mu láàrin wákàtí kan. Ká sọ pé ilé kan ní gílóòbù márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ wáàtì 60 ni, márààrún á jẹ yúnìtì 45 lóṣù. Tó bá jẹ́ ẹ́nájì sévà wáàtì 14, wọn á jẹ 10 àti ààbọ̀. Tó bá jẹ́ LED wáàtì 9, yúnìtì 6.75 ni, kò tó méje. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba o!

Ẹ jẹ́ ká fi N200 ṣe iye yúnìtì kan fún ìṣirò. Ti àtijọ́ á gba N9,000 lóṣù, ẹ́nájì sévà á gba N2,100, LED á gba N1,350. Láàrin ti àtijọ́ àti LED, N7,650 ló ń sọnù lóṣoooṣù. Ká wá sọ ọ́ di ọdún kan: N91,800. Sebí owó ọjà lèyí? Ẹni tó ń dá àjọ mọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò fi dá a kó tó pé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń ra yúnìtì ní owó tó kéré náà, kó má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ká ní N60 ló ń rà á. N2,700 ni ti àtijọ́ á jẹ, N405 ni LED á jẹ. N2,295 ló yà wọ́n. Kì í ṣe owó tí èèyàn í jù sígbó.

Ẹ wo iye tí ẹ̀yin gan-an ń san. Ó wà lára rìsíìtì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ra káàdì. Ẹ mú un, ẹ fi rọ́pò N200 tàbí N60 tí àwa lò, ẹ óò rí iye tiyín.

Ẹlòmíì á ní, "LED wọ́n jù." Òótọ́ ni pé owó tí à ń kà lé e lọ́jọ́ tí a rà á pọ̀ ju ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní LED kan fi N1,500 wọ́n jù ú lọ. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń san N200, gílóòbù kan péré ń dá nǹkan bí N1,530 padà lóṣù. Oṣù kan ló fi san gbèsè ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń san N60, á gbà á ní oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn tún wà. Wákàtí 1,000 ni wọ́n ṣe gílóòbù àtijọ́ mọ. Tí a bá ń tàn án fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, kò tó oṣù méje tó fi máa jó. LED tó dára, wákàtí 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kọ sí i lára, ìyẹn ju ọdún mẹ́jọ lọ. A mọ̀ pé pẹ̀lú iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń lọ sílẹ̀, ó lè má pé bẹ́ẹ̀. Kó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ló lò, ọdún mẹ́rin nìyẹn, ká tó tún gun àkàbà.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ gílóòbù kò tó nǹkan, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ghana. Ní 2007, omi fà ní ìdídò Akosombo tí wọ́n fi ń ṣe iná, ìlú bọ́ sínú òkùnkùn. Ìjọba wọn ra ẹ́nájì sévà mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n pín in fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń gba èyí àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, iná tí gbogbo ìlú ń fà ní ìrọ̀lẹ́ ti fi nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 124 dín kù. Gílóòbù lásán ló ṣe é o, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fòfin de kíkó gílóòbù àtijọ́ wọ̀lú.

Ní ilẹ̀ wa náà, ní nǹkan bí 2010, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná bá ECOWAS àti ìjọba Cuba ṣe irú rẹ̀. Wọ́n pín ẹ́nájì sévà mílíọ̀nù kan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé gílóòbù tí a yí nínú yàrá kan kò jọjú. Ṣùgbọ́n tí gbogbo àdúgbò bá yí i, tiráńsífọ́mà pàápàá á mí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ́nájì sévà tí wọ́n pín nígbà náà ti ń kúrò lóde báyìí. Ní oṣù Kẹta 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Minamata lórí ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì ṣe ìpàdé ní Bali. Wọ́n fẹnu kò pé kí ṣíṣe irú ẹ́nájì sévà kéékèèké tí à ń lò nílé, àti kíkó o láti ìlú kan sí òmíràn, parí ní 2025. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra gílóòbù tuntun, LED ni kó rà. Ẹni tí ẹ́nájì sévà rẹ̀ ṣì ń tàn, kó má jù ú nù. Kó lò ó títí tó fi máa kú.

Tó bá bọ́ fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí á fọ́n ká. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o sínú nílọ́ọ̀nù, kí ẹ so ó pa.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN LỌ́JÀ

Tí a bá dé ìsọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tà yín. Ẹ gba páálí, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí kò bá rí i kà dáadáa, kó mú ọmọ tó lọ sílé ìwé dání.

1. Lúmẹ́nì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní "lm". Òun ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Wáàtì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Ó dà bí ìgbà tí à ń wọn ìrẹsì: wáàtì ni owó tí a san, lúmẹ́nì ni ìrẹsì tí wọ́n wọ̀n fún wa. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 40 ń mú nǹkan bí 400 lm wá. LED wáàtì 5 ló tó fi rọ́pò rẹ̀. Wáàtì 60 ń mú nǹkan bí 700 sí 800 wá. LED wáàtì 9 ni. Wáàtì 100 ń mú bí 1,300 sí 1,500 wá. LED wáàtì 13 sí 16 ni.

2. Irọ́ orí páálí. Ẹ fi wáàtì pín lúmẹ́nì. LED tó dára nínú èyí tí à ń rí lọ́jà máa ń fúnni ní bí 80 sí 100 lúmẹ́nì lórí wáàtì kan, nígbà mìíràn á jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Tí páálí bá ní wáàtì 9 ń mú 3,000 lm wá, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Èyí tí kò bá kọ lúmẹ́nì rárá, tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, tí kò ní àdírẹ́sì, ọmọ tí kò ní bàbá ni. Èyí tí wọ́n bá sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀.

3. Ìdí gílóòbù. Onípíìnì wà, oníṣíkúrù wà. Ẹ yọ èyí tó ti jó nílé dání lọ sọ́jà, ká má baà ra èyí tí kò ní wọ họ́dà.

4. Agbára iná tó lè gbà. Ẹ̀yin náà mọ iná wa. Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé bá ń lò ó, á relẹ̀ títí fáànù ò ní yí. Ní òru, á ga. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 85–265V sí lára, tàbí iye tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí á máa tàn nígbà tí iná bá relẹ̀, kò sì ní tètè jó nígbà tó bá ga. Èyí tí wọ́n kọ 220–240V nìkan sí, ẹni tí iná àdúgbò rẹ̀ dúró ṣinṣin ló bá mu.

5. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà àti lẹ́tà K kọ ọ́. 2700K sí 3000K ń pupa díẹ̀ bíi ti àtijọ́; ó dára ní yàrá tí à ń sùn. 6500K funfun báláú; ó dára ní ibi iṣẹ́, ní ilé ìdáná, àti níbi tí ọmọ ti ń kàwé. Àwọ̀ kò yí owó iná padà, ẹ yan èyí tó bá ojú yín mu. Ṣùgbọ́n iná funfun báláú gan-an kì í jẹ́ kí oorun tètè kunni lálẹ́.

6. Bó ṣe ń fi àwọ̀ ọjà hàn. Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ, tòmátì, ẹran àti ẹja, tiyín rèé. Ẹ ti rí oníbàárà ní Gbági tó gbé aṣọ jáde síta láti lọ wò ó lójú oòrùn? Kì í ṣe pé kò gbà yín gbọ́, iná ìsọ̀ ni kò gbà gbọ́. Gílóòbù tí kò dára máa ń sọ pupa di ìlú, á sọ ẹran tútù di ohun tó ti ṣá. Ẹ wá "Ra" tàbí "CRI" lára páálí. Kó má dín ní 80.

Tí ẹ bá ti yan tán, ẹ ní kí wọ́n tàn án wò níwájú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Èyí tó ń ṣẹ́jú pìrìpìrì lójú ìsọ̀, ẹ má gbé e wálé.

Ó ku ìkìlọ̀ kan: LED kò fẹ́ ooru. Tí ẹ bá fi sínú gíláàsì tí a dé pa, tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, á tètè kú, ẹ óò sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

ẸLẸ́RÌÍ WÀ LÁRA ÒGIRI

Ẹni tó ní mítà ní ẹlẹ́rìí tí kì í gba rìbá. Iná pupa kékeré kan wà lára mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Lára ọ̀pọ̀ mítà, wọ́n kọ "1000 imp/kWh" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000, yúnìtì kan ti lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé: firíìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá tan gílóòbù nìkan, kí ọmọ kan dúró síwájú mítà pẹ̀lú aago, kó máa kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gílóòbù àtijọ́ márùn-ún, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, á mú un ṣẹ́jú ní ìgbà 50. LED márùn-ún, wáàtì 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, á mú un ṣẹ́jú ní ìgbà méje tàbí mẹ́jọ péré. Tí LED tí wọ́n tà fún yín bá ń sáré bíi ti àtijọ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n tà. Tí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ tán tí mítà ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ibì kan wà tí iná ti ń jò.

ẸNI TÍ KÒ NÍ MÍTÀ ŃKỌ́?

A ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tí wọ́n ń fojú díwọ̀n bílì fún, kódà kó tan LED nìkan, iye tó wù wọ́n lè wà lórí bílì. Èrè tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ NEPA kò tíì dé títí tó fi máa gba mítà. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí a máa béèrè mítà láì sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà lè ní jẹnẹrétọ̀, ó sì lè ní sólà àti ìnfátà kékeré. Níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà. Ẹ wo bátìrì 12V, 100Ah kan. Tí a bá lo ìdajì rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, á gbé gílóòbù àtijọ́ márùn-ún wáàtì 60 fún bíi wákàtí méjì, òkùnkùn á tún dé. Bátìrì kan náà á gbé LED márùn-ún wáàtì 9 fún ohun tó lé ní wákàtí 10, kódà tí a bá yọ èyí tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ra sólà, kó kọ́kọ́ yí gílóòbù rẹ̀ ná. Sólà tó máa rà á kéré, owó rẹ̀ á sì dín. Ní ti jẹnẹrétọ̀, epo tó ń jẹ á dín díẹ̀, àmọ́ kì í dín tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì á ṣáà máa yí.

NÍBO LA TI MÁA BẸ̀RẸ̀?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yáwó láti yí gbogbo gílóòbù ilé lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára èyí tó ń pẹ́ jù ní títàn. Gílóòbù ìta tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dójúmọ́ ni àkọ́kọ́. Wákàtí 12 ló ń ṣe lóòjọ́. Tó bá jẹ́ wáàtì 60 àtijọ́, òun nìkan ń jẹ yúnìtì 21.6 lóṣù, LED wáàtì 9 á jẹ 3.24. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìsọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti pálọ̀ àti ilé ìdáná. Ti ilé ìtura tí à ń tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí jíjẹun-kékeré LED sọ yín di onínàákúnàá. Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí kì í jẹ iná," á wá tan mẹ́wàá níbi tí méjì tó. Gílóòbù tó jẹun kékeré jù lọ láyé ni èyí tí a pa nígbà tí a kò lò ó.

Ó ku ìmọ̀ràn kan fún ẹgbẹ́. Kí ló dé tí olúkúlùkù ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a mọ̀ pé ẹni tó ra páálí ńlá kì í san owó ẹni tó ra ẹyọ? Bí a ṣe ń dá owó jọ ra ìrẹsì ọdún, a lè dá owó gílóòbù jọ. Kí àwọn aṣojú wa kọ́kọ́ ra mẹ́ta mẹ́rin wá, ká fi mítà dán an wò, ká lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá yege ni ká ra páálí rẹ̀, ká pín in, kí ẹni tí kò ní máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. A fi èyí sí iwájú àwọn ìyálọ́jà wa àti gbogbo ìgbìmọ̀ láti gbé yẹ̀ wò.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ka gílóòbù ilé yín àti ti ìsọ̀. Ẹ kọ wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye wákàtí tó ń tàn sínú ìwé, ẹ mú rìsíìtì káàdì iná kan dání wá. A óò jọ ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà. Èrè tí a ò rí lórí ọjà tí a tà, ó lè jẹ́ lórí iná tí a pa la ti máa rí i.

Ọjà á tà, èrè á sì dúró o. Àṣẹ.